Ebi ló ń sọ aràn pẹlẹbẹ yín di kékeré, kì í ṣe àìsàn

Àǹtí mi ará Ṣùúrùlérè, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ ní àwọn planaria (irú aràn pẹlẹbẹ kan tó ń gbé inú omi) inú abọ́ yín ń kéré sí i, ẹ ń bi wá bóyá àrùn ló mú wọn. Ẹ tún ní ẹ̀ẹ̀kan lóṣù lẹ ń fún wọn lóúnjẹ kí omi má baà bàjẹ́. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Ẹran mìíràn tí kò bá jẹun á rù, egungun á yọ. Aràn pẹlẹbẹ kì í rù, ńṣe ló ń súnkì: orí, ojú, ìrù, gbogbo ẹ̀ á jọ kéré lọ́gbọọgba, ẹni tí kò mọ̀ á ní wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí i ni. Iye sẹ́ẹ̀lì ara rẹ̀ ló ń dín kù. Irú tí wọ́n ń pè ní Schmidtea mediterranea lè gùn tó mìlímítà 20 tó bá ń jẹ àjẹyó. Tí ebi bá fi oṣù bíi mélòó kan pa á, ó lè má tó mìlímítà 1 mọ́. Síbẹ̀ kò kú. Ẹ bọ́ ọ, á tún dàgbà.

Ẹ̀dọ̀ màlúù tútù ni mò ń lò. Lọ́dọ̀ alápatà ní Oyingbo ni mo ti ń rà á, láàárọ̀ kùtù kí oòrùn tó mú. Kò gbọdọ̀ fojú kan iyọ̀ rárá o! Ẹ gé e kó má ju èékánná lọ, ẹ jù ú sómi, ẹ bo abọ́ náà, torí wọn kì í fẹ́ ìmọ́lẹ̀. Tẹ́ ẹ bá yọjú wò wọ́n, wọ́n á ti rọ́ bo ẹ̀dọ̀. Ẹnu wọn kò sí lórí, àárín ikùn ló wà. Ọ̀fun funfun kan á yọ jáde níbẹ̀, á wọnú ẹran, á máa fà á bí ọmọdé tó ń fi sítírọ́ọ̀ mu mínírà. Wọn kò ní ihò ìdí, torí náà ẹnu yẹn náà ni ìgbẹ́ ń gbà jáde (ẹ má rẹ́rìn-ín). Wọ́n ń jẹ pupa ẹyin sísè náà, ṣùgbọ́n ó máa ń da omi rú.

Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tó. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mejì tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí wọ́n tètè tóbi, kí wọ́n sì máa pín ara wọn sí méjì.

Ohun tó ń pa wọ́n kì í ṣe ebi, àjẹkù ni. Lẹ́yìn wákàtí kan sí méjì, ẹ kó ìyókù kúrò, ẹ pààrọ̀ omi. Pẹ̀lú ooru Èkó yìí, ẹ̀dọ̀ tó bá sùn sínú abọ́, omi á ti máa rùn kílẹ̀ tó mọ́. Ó ti ṣẹlẹ̀ níwájú mi ní Yaba: gbogbo wọn ló yọ́, nǹkan funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló kù nísàlẹ̀ abọ́. Bí iná bá lọ tí ẹ̀dọ̀ inú fírísà sì yọ́, ẹ dà á nù. Omi inú ike ni kẹ́ ẹ lò, kì í ṣe omi ẹ̀rọ tó ní kòlórínì.

Tó bá sì jẹ́ pé ẹ fẹ́ gé wọn kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè rí i bí wọ́n ṣe ń hù padà, ẹ má fún wọn lóúnjẹ fún ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Èyí tó bá yó, oúnjẹ inú rẹ̀ á tú sómi tí ọ̀bẹ bá ti kàn án.