Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Swiss Chard Nínú Ọgbà Ẹ̀yìnkùlé

Nínú àwọn lẹ́tà tí ó wọlé fún abala yìí, mẹ́rin ni ó dá lórí Swiss chard, ẹ̀fọ́ tí ewé rẹ̀ fẹ̀, tí igi rẹ̀ lè funfun tàbí kí ó pupa, tí àwọn kan nínú yín ti ń gbìn sí ẹ̀yìnkùlé báyìí. Mo dá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lóhùn pa pọ̀, nítorí pé ọ̀kan tan mọ́ èkejì.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀gbọ́n mi tí ó ń gbé ní Ìlú Ọba ni ó fi hóró Swiss chard ránṣẹ́ sí mi. Mo gbìn ín ní oṣù karùn-ún, ó sì hù dáadáa, ṣùgbọ́n nígbà tí òjò wá le, àmì róbótó-róbótó bo gbogbo ewé rẹ̀, àwọn mìíràn sì ń jẹrà láti ìdí. Ṣé ilẹ̀ Ìbàdàn kò gbà á ni? (Ìyálé ilé kan, Àkóbọ̀)

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun, ìyá wa. Ilẹ̀ Ìbàdàn gbà á. Àsìkò tí ẹ gbìn ín ni kò gbà á. Bí ẹ bá wo àmì náà fínnífínní, ẹ ó rí i pé àárín rẹ̀ rí bí eérú, etí rẹ̀ sì pọ́n. Bí ó bá gbẹ tán, àárín náà á já bọ́, ihò ni yóò kù. Èbu kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Cercospora ni ó ń fà á. Inú ooru àti ọ̀rinrin ni ó ti ń gbèrú, omi òjò tí ó ń ta láti ilẹ̀ sára ewé ni ó sì ń gbé e kiri. Ẹ já gbogbo ewé tí ó ti ní àmì kúrò, kí ẹ sì sun wọ́n tàbí kí ẹ gbé wọn jìnnà sí ọgbà. Ẹ má ṣe kó wọn mọ́ ààtàn tí ẹ ó tún bù ṣe ajílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi koríko gbígbẹ bo ilẹ̀ ìdí àwọn tí ó kù, kí òjò má baà ta ẹrẹ̀ sí wọn lára mọ́.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé ẹ̀fọ́ yìí kì í ṣe àjèjì pátápátá sí wa. Ìdílé kan náà ni òun àti tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ ti jáde, ọ̀gbìn kan náà gan-an sì ni òun àti bíítrúùtù, àfi pé ewé ni a ń tìtorí rẹ̀ gbin èyí, tí a sì ń tìtorí gbòǹgbò gbin ìyẹn. Ẹni tí ó bá ti mọ bí a ti ń tọ́jú tẹ̀tẹ̀ ti mọ ìdajì iṣẹ́ náà. Ìdajì tí ó kù ni pé agbègbè Òkun Mẹditaréníà ni ó ti ṣẹ̀ wá, ooru ibẹ̀ kò sì tó tiwa. Nítorí náà, ìparí oṣù kẹsàn-án sí oṣù kẹwàá ni mo máa ń gba ènìyàn nímọ̀ràn láti gbìn ín, kí ó lè dàgbà nígbà tí òjò bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, tí ọyẹ́ sì ń mú kí òru tutù. Omi kànga ni ẹ ó máa bù sí i ní òwúrọ̀, ní ìdí rẹ̀, kì í ṣe lórí ewé. Bí ó bá di oṣù kejì tí oòrùn ń ta ènìyàn lára, ó fẹ́ ibòji láti ọ̀sán lọ. Ẹ̀gbẹ́ ilé tí oòrùn òwúrọ̀ nìkan ń dé dára fún un, bẹ́ẹ̀ ni àtíbàbà tí a fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe.

Hóró rẹ̀ rí págunpàgun, nítorí pé hóró bíi méjì sí mẹ́rin ni ó so pọ̀ di ẹyọ kan. Ẹ rẹ ẹ́ sómi di ọjọ́ kejì, kí ẹ sì gbìn ín sínú ilẹ̀ ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan sí méjì. Ó sábà máa ń hù láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Ẹ ó rí èhù bíi mẹ́ta lójú ihò kan. Nígbà tí wọ́n bá ti yọ ewé tòótọ́ méjì tàbí mẹ́ta, ìyẹn àwọn tí ó ń yọ lẹ́yìn ewé méjì àkọ́kọ́, ẹ fi sísọ́ọ̀sì gé àwọn tí kò lágbára, kí ẹ má fà wọ́n tu, kí gbòǹgbò èyí tí ẹ fẹ́ má baà ṣí. Ẹ fi àlàfo nǹkan bí ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà sáàárín wọn. Ẹ kọ ebè náà sókè kí omi lè máa ṣàn kúrò, kí ẹ sì lo ìgbẹ́ adìẹ tí ó ti jẹrà dáadáa, nítorí èyí tí ó tutù máa ń jó ìdí ẹ̀fọ́.

Ẹ má gbìn ín sí ibi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tu tẹ̀tẹ̀ kúrò. Kòkòrò aláwọ̀ ewé tí ó máa ń fi okùn tín-ín-rín ká ewé tẹ̀tẹ̀ pọ̀, tí yóò wá jẹ ẹ́ ku iṣan, ń jẹ èyí náà. Ibi tí àgbàdo tàbí ẹ̀wà ti kúrò ni ó dára jù.

Ìbéèrè: Ó ti pé oṣù mẹ́fà tí tèmi ti wà lórí ebè tí a sì ń já a jẹ, ṣùgbọ́n kò tíì yọ òdòdó. Ìgbà wo ni mo máa rí hóró gbà níbẹ̀? (Olùkọ́ fẹ̀yìntì kan, Mọ́níyà)

Ìdáhùn: Bàbá, ẹ má retí rẹ̀. Ẹ̀fọ́ yìí nílò òtútù ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kí ó tó rò pé àsìkò òdòdó dé, ọyẹ́ tiwa kò sì tó bẹ́ẹ̀. Ríra ni ẹ ó máa ra hóró rẹ̀. Ohun kan náà yìí ni ó jẹ́ èrè yín: tẹ̀tẹ̀ á yọ orí láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ewé rẹ̀ á sì kéré, ṣùgbọ́n èyí á ṣì máa yọ ewé, bí ẹ bá ti ń já ti ìta nìkan, tí ẹ sì ń fi mẹ́rin tàbí márùn-ún sílẹ̀ láàárín.

Ìbéèrè: Mo ro Swiss chard bí mo ṣe ń ro tẹ̀tẹ̀. Ewé rẹ̀ ti rọ̀ jù kí igi rẹ̀ tó jinná, ọbẹ̀ náà sì ṣomi. Kí ni mo ṣe tí kò dára? (Ìyàwó ilé kan, Òkè-Àdó)

Ìdáhùn: Ẹ kú akitiyan. Ẹ̀fọ́ méjì ni ó wà nínú ewé kan ṣoṣo yìí, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n sì ń jinná. Ẹ ká ewé náà sí méjì, kí igi rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ẹ wá fi ọ̀bẹ là á kúrò láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ gé igi náà wẹ́wẹ́, kí ẹ sì rẹ́ ewé náà nípọn díẹ̀, nítorí pé ó máa ń sún kì. Ẹ da igi sínú omi tí ó ń hó fún ìṣẹ́jú mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ẹ tó da ewé lé e. Bí ewé bá ti lo ìṣẹ́jú kan péré, ẹ gbé e kalẹ̀, kí ẹ dà á sínú ajọ̀, kí ẹ sì bu omi tútù sí i. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì fún un títí tí kò fi ní kán tótó mọ́. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kánjú, òun gan-an sì ni ó ń sọ ọbẹ̀ di olómi.

Ata rodo, tàtàṣé àti àlùbọ́sà ni kí ẹ gún tàbí kí ẹ lọ̀ láìkúnná. Ẹ dín tòmátì kù. Ẹ jẹ́ kí epo pupa gbóná, kí ẹ din irú wooro àti àlùbọ́sà nínú rẹ̀, kí ẹ da ata sí i, kí ó sì hó títí epo yóò fi léfòó. Ìgbà náà ni kí ẹ kó pọ̀nmọ́, panla àti edé sí i, kí ẹ tó da ẹ̀fọ́ náà sí i. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ti tó, ẹ má sì dé ìkòkò. Ẹ tọ́ ọ wò kí ẹ tó fi iyọ̀ sí i, nítorí pé ewé náà ní iyọ̀ tirẹ̀: 100 gíráàmù rẹ̀ ní tútù ní nǹkan bíi 200 mílígíráàmù sodium, ìyẹn èròjà tí ó wà nínú iyọ̀, ó ju ti ọ̀pọ̀ ẹ̀fọ́ lọ. Fún ẹ̀gúsí, èyí tí igi rẹ̀ funfun ni mo fẹ́ràn jù, nítorí pé igi pupa máa ń pa ẹ̀gúsí láró. Ẹ má fi rọ́pò ewédú, nítorí pé kì í fà.

Ìbéèrè: Òkúta wà nínú kíndìnrín mi nígbà kan rí. Ṣé mo lè jẹ ẹ́? (Òǹkàwé kan, Àpáta)

Ìdáhùn: Ewé yìí ní èròjà kan tí a ń pè ní oxalate púpọ̀, bí tẹ̀tẹ̀ náà ti ní in, òun sì ni ó wà nínú irú òkúta kíndìnrín tí ó wọ́pọ̀ jù. Bíbọ̀ ẹ̀fọ́ náà, kí a sì da omi rẹ̀ nù, ń dín in kù, ṣùgbọ́n kì í mú un tán. Ẹ bi dókítà yín kí ẹ tó máa jẹ ẹ́ déédéé. Ẹni tí ó ń lo oògùn warfarin nítorí ẹ̀jẹ̀ dídì náà ní láti bi í, torí pé fítámínì K inú ewé náà pọ̀ gan-an, ó sì ń ṣe òdì sí iṣẹ́ oògùn náà. Bí dókítà bá fọwọ́ sí i, ìwọ̀n kan náà ni kí ó máa jẹ láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀.