Ṣé owó tí mo bá kó lé sólà máa padà wá?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni tó fẹ́ ta sólà fún mi ní tí wọ́n bá ti gbé e sórí òrùlé báyìí, mi ò ní náwó kankan lé e lórí mọ́ fún ọdún 25. Ṣé òótọ́ ni àbí ó kàn ń wá owó ọwọ́ mi ni?

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣé tẹ́ ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó sanwó. Ti páńẹ́ẹ̀lì, ìyẹn pátákó tó ń gba oòrùn sára, ẹni yẹn ò parọ́ púpọ̀, páńẹ́ẹ̀lì lè lo ọdún 25 sí 30, agbára ẹ̀ kàn máa ń dín díẹ̀díẹ̀ ni, bí ìdajì péséǹtì lọ́dún, omi àti aṣọ rírọ̀ lẹ sì máa fi nu eruku àti ìgbẹ́ ẹyẹ kúrò lára ẹ̀. Ọ̀rọ̀ bátìrì àti ínfátà, ẹ̀rọ tó ń yí iná sólà padà sí irú èyí tá à ń lò nílé, ni kò sọ fún yín! Ínfátà kì í sábà kọjá ọdún 10 sí 15, bátìrì olómi sì rèé, ọdún 3 sí 5 náà ni, pàápàá tẹ́ ẹ bá ń lò ó títí iná inú ẹ̀ á fi tán pátápátá, bátìrì lítíọ́ọ̀mù wọ́n lóòótọ́ ṣùgbọ́n ó lè lo ọdún 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tèmi bá ni, òun ni mo máa rà.

Ẹ ro owó tẹ́ ẹ máa fi pààrọ̀ àwọn yẹn mọ́ owó àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ wá fi iye tí sólà máa dín kù nínú owó iná yín lọ́dún pín in, iye ọdún tí owó yín máa fi padà nìyẹn. Tó bá jẹ́ ọ̀sán lẹ ń lo iná jù, ó máa tètè padà, torí iná náà kò ní gba inú bátìrì kọjá, níbi tí díẹ̀ nínú ẹ̀ ti máa ń ṣòfò.