Kí ló dé tí wọ́n ń jí ọkọ̀ Kia àti Hyundai ní Amẹ́ríkà ju Kánádà lọ?

Ìdí rẹ̀ ni pé púpọ̀ nínú Kia àti Hyundai oníkọ́kọ́rọ́ irin tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà láàárín 2011 sí 2021 kò ní immobilizer, ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ àfi tó bá dá kọ́kọ́rọ́ mọ̀. Kánádà ti sọ ọ́ di dandan fún ọkọ̀ tuntun láti 2007. Kia àti Hyundai tó jẹ́ pé bọ́tìnnì ni wọ́n fi ń tan ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò sí lára àwọn tí kò ní in.

Olè á fọ́ gíláàsì, á ya ike abẹ́ sítíárìn, á fa ilé kọ́kọ́rọ́ yọ, á sì fi ẹnu wáyà USB yí èyí tó kù. Ìlú Milwaukee ní Amẹ́ríkà ni olè yìí ti kọ́kọ́ le, kí fídíò TikTok tó tàn án kálẹ̀ ní 2022.

Láti 2023 ni iléeṣẹ́ Kia àti Hyundai ti ń fi sọ́fítíwià ààbò sínú àwọn ọkọ̀ náà lọ́fẹ̀ẹ́. Rìmóòtù ni kí ẹ máa fi ti ọkọ̀ o. Bí ẹ bá kàn tẹ bọ́tìnnì ara ilẹ̀kùn, ààbò náà kò ní ṣiṣẹ́. Àwọn ọkọ̀ kan kò gba sọ́fítíwià yìí, irin tí wọ́n fi ń ti sítíárìn ló yẹ wọ́n. Ẹ gbé e síbi tí olè ti máa rí i láti ìta, kó tó fọ́ gíláàsì.