AnyDesk kò lè tan sáfà tó ti kú

ÌBÉÈRÈ: Ilé-Ifẹ̀ ni mò ń gbé, ṣùgbọ́n Iléṣà ni ọ́fíìsì ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wa wà, ibẹ̀ náà ni sáfà (server) Dell PowerEdge tòkúnbọ̀ tí a rà wà. Bí iná bá lọ tó sì dé, sáfà kì í sábà tàn padà, AnyDesk tí a fi ń lo sáfà náà láti Ifẹ̀ kì í sì í wọlé mọ́. Ẹni tó ń bá wa tún kọ̀ǹpútà ṣe ní ká ra AnyDesk olówó, pé ìyẹn á máa tan án láti Ifẹ̀. Ṣé ká rà á?

ÌDÁHÙN: Ẹ má rà á. Ẹ má rà á nítorí ohun tó sọ yẹn, ó kéré tán. Ìbéèrè yìí ti pọ̀ jù lọ́wọ́ mi, ó sì ń dùn mí pé owó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ni wọ́n ń ná sórí ohun tí kò lè ṣe iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ rà á.

Inú Windows ni AnyDesk ń gbé. TeamViewer náà, ibẹ̀ ló ń gbé. Bí Windows kò bá tíì jí, kò sí AnyDesk. Bí Windows bá dúró gan-in, AnyDesk dúró pẹ̀lú rẹ̀. Bí sáfà bá tàn, àmọ́ tó ń dúró kí ẹnìkan wá tẹ F1 nítorí pé ó rí ohun tó bàjẹ́, AnyDesk kò ní gbọ́ nǹkankan. Ọmọ ọ̀dọ̀ tó sùn sínú ilé tí wọ́n tì pa ni. Ẹ kan ilẹ̀kùn títí ilẹ̀ á fi mọ́, kò ní dáhùn. Ti olówó àti ti ọ̀fẹ́, inú ilé kan náà ni wọ́n sùn sí.

Mo mọ ohun tí ẹni yẹn máa sọ: pé AnyDesk ní Wake-on-LAN. Òótọ́ ni, ó ní in. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ mìíràn tó wà ní títàn nínú ọ́fíìsì kan náà ló ń fi ìpè ránṣẹ́ sí káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì sáfà pé kó jí. Nígbà tí iná lọ ní gbogbo ọ́fíìsì, ta ni yóò kọ́kọ́ tan ẹ̀rọ kejì yẹn? Ọ̀pọ̀ káàdì kì í tilẹ̀ gbọ́ ìpè náà mọ́ bí iná bá ti gé pátápátá, àfi tí ẹnìkan bá fọwọ́ tan ẹ̀rọ náà lẹ́ẹ̀kan. Sáfà tó tàn tó sì há kò ní gbọ́ ọ, torí kò sùn. Bí kò bá sì jí, ẹ ò ní mọ ìdí rẹ̀.

Ohun tí ẹ ń wá ti wà nínú sáfà yín. Láti 1998 ni Intel, Dell, HP àti NEC ti gbé ìlànà kan jáde tó ń jẹ́ IPMI. Òun ló fi ẹ̀rọ kékeré kan, BMC, sórí bọ́ọ̀dù sáfà, tó dá ọpọlọ tirẹ̀ ní, tí kò sì gbára lé Windows. Dell ń pe tiwọn ní iDRAC, HPE ń pe tiwọn ní iLO. Bí iná bá ti wà ní sọ́kẹ́ẹ̀tì, ó wà lójúfò, bí sáfà tilẹ̀ kú. Láti Ifẹ̀, ẹ ó tan sáfà, ẹ ó pa á, ẹ ó wo ooru inú rẹ̀, ẹ ó wo fáànù tó ń yí àti èyí tó ti dákẹ́, ẹ ó ka àkọsílẹ̀ ohun tó ṣẹlẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ rí ojú sáfà gan-an kí Windows tó jí, ọ̀pọ̀ PowerEdge ń béèrè láísẹ́ǹsì Enterprise. Ẹ kọ́kọ́ wò ó; ó máa ń wà lórí àwọn tòkúnbọ̀ mìíràn. Bí owó bá máa jáde, ibẹ̀ ni kó jáde sí.

Kẹ́ ẹ tó ṣe èyí, nǹkan kan wà tí kò ní ná yín ní kọ́bọ̀. Nínú BIOS, ìyẹn ojú ètò tí sáfà ń lò kí Windows tó jí, ẹ wá AC Power Recovery. Last ló sábà máa ń wà níbẹ̀, ìyẹn ni pé kí sáfà padà sí ipò tó wà kí iná tó gé. Bí UPS yín bá ti pa á jẹ́jẹ́ kí bátìrì tó tán, kíkú ni ipò tó wà, kíkú náà ló máa wà nígbà tí iná bá dé. Mo fura pé ohun tó ń ṣe tiyín nìyẹn. Ẹ yí i sí On. Síbẹ̀, bí iná bá dé kí bátìrì UPS tó gbẹ, sáfà kò ní mọ̀ pé iná lọ rí, kò sì ní tàn. Ibẹ̀ ni iDRAC ti wúlò jù. Router náà gbọ́dọ̀ ní bátìrì tirẹ̀, torí bí òun bá kú, iDRAC wà láàyè lásán.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé iDRAC síta gbangba lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Orúkọ root, páswọ́ọ̀dù calvin: gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n, ó sì wà lórí ọ̀pọ̀ tòkúnbọ̀ títí dòní. Láti 2013 ni wọ́n ti fi hàn pé IPMI 2.0 ń fún ẹnikẹ́ni tó bá béèrè ní àmì tí wọ́n fi páswọ́ọ̀dù ṣe, kó lọ máa tú u nílé. Inú ìlànà náà gan-an ni àléébù yìí wà, kò sí àtúnṣe tó lè mú un kúrò. Ẹ yí páswọ́ọ̀dù, ẹ pa IPMI over LAN (ojú-ewé iDRAC ṣì máa ṣiṣẹ́ láìsí i), kẹ́ ẹ sì gba inú WireGuard tàbí Tailscale wọlé, ìyẹn VPN, ọ̀nà àdáni lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Mi ò fojú rí sáfà yín, nítorí náà ẹ yẹ ìwé Dell wò fún irú èyí tẹ́ ẹ ní. Ẹ má ṣe àtúnṣe firmware, ìyẹn ètò tó wà nínú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, ní ọjọ́ tí iná ń ṣe ségesège; bó bá gé láàárín, ó lè ba bọ́ọ̀dù jẹ́. Ẹ lọ sí Iléṣà fún ètò àkọ́kọ́ yìí. Kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ pa sáfà, ẹ bọ́ sí ìta, kẹ́ ẹ fi dátà fóònù yín gbìyànjú láti tan án. Bí kò bá tàn, ẹ má tíì padà sí Ifẹ̀.