Táyé ń sọ̀rọ̀, Kẹ́hìndé dákẹ́

Ìbéèrè: Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ gbà mí o. Manchester ni mò ń gbé. Mo bí ìbejì obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà, ẹyin kan náà ló pín bí wọn. Bàbá wọn pàápàá máa ń ṣì wọ́n pè. Ẹnu Táyé kì í dákẹ́. Kẹ́hìndé kì í fọhùn tí àlejò bá wà, olùkọ́ rẹ̀ sì ti pè mí lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá mi ní bó ṣe yàn án lọ́run nìyẹn. Ọkọ mi ní ẹ̀jẹ̀ ìdílé òun ni. Ọ̀rẹ́ mi tó ka sáíkọ́lọ́jì ní èmi ni mo fà á, torí pé wọn kò tíì pé ọdún méjì tí mo fi kó wọn sọ́dọ̀ ìyá mi n'Íbàdàn fún oṣù mẹ́wàá, kí n lè parí ẹ̀kọ́ mi. Láti ọjọ́ tó ti sọ ọ́, mi ò rí oorun sùn. Ta ni ká gbà gbọ́?

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ìyá ìbejì ni èmi náà, ní London, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àwọn tí ọpọlọ ń yọ lẹ́nu ni mo sì ń ṣe. Ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára.

Ọkọ yín kò parọ́. Ní 1979 ni Thomas Bouchard, onímọ̀ sáíkọ́lọ́jì, àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ ní yunifásítì Minnesota l'Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn ìbejì tí wọ́n pín níyà láti kékeré, wọ́n sì rí i pé ìwà àwọn tó jẹ́ ọmọ ẹyin kan náà ṣì máa ń jọra gan-an, bí wọn ò tilẹ̀ gbélé pọ̀. Jerome Kagan, onímọ̀ sáíkọ́lọ́jì ní Harvard, náà fi nǹkan aláràbarà tó ń mì han àwọn ọmọ oṣù mẹ́rin. Bí ẹyọ kan nínú márùn-ún ló ń ju apá ju ẹsẹ̀, tó ń ké. Irú àwọn yẹn ló sábà máa ń bẹ̀rù àlejò tí wọ́n bá ti ń rìn. Ara wọn ni kò gba ariwo. Àmọ́ ẹ̀jẹ̀ kan náà ló wà lára Táyé àti Kẹ́hìndé. Tó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ nìkan ni, àwọn méjèèjì ni ì bá dákẹ́.

Ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ yín ni mo fẹ́ dúró lé, torí òun ló gba oorun lójú yín. Ọ̀nà Sigmund Freud, dókítà ará Vienna, ló ń tọ̀: pé ohun tó ṣe wá ní kékeré máa ń rì sísàlẹ̀ ọkàn, níbi tí àwa fúnra wa ò ti rí i mọ́, á sì máa darí wa láti ibẹ̀. John Bowlby, dókítà ọpọlọ ọmọdé, ọmọ London níbí, àti James Robertson tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ wá wo ọmọdé tí wọ́n fi sílẹ̀ ní ọsibítù. Á kọ́kọ́ ké, á sọ̀rètí nù, nígbà tó bá yá á ṣe bí ẹni tí kò mọ ìyá rẹ̀ mọ́. Ìpínyà ń dun ọmọ, mi ò ní tàn yín. Ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn nọ́ọ̀sì tó ń pààrọ̀ ara wọn ni àwọn yẹn wà. Ẹ̀yìn ìyá àgbà ni tiyín wà. Mary Ainsworth, tó ti bá Bowlby ṣiṣẹ́, lọ wo àwọn ìyá àti ọmọ ní Uganda ní 1954, ó sì rí i pé ọmọ lè fẹ́ràn ju ẹnì kan lọ kó sì rọ̀ mọ́ wọn. Àti pé àwọn méjèèjì lẹ kó lọ sí Ìbàdàn. Táyé náà sunkún yẹn. Ẹ dákun, ẹ dáríji ara yín.

Kí ló wá yàtọ̀? Ẹ wo ohun tí wọ́n ń ṣe lójoojúmọ́. Tí àlejò bá kí Kẹ́hìndé, ta ló ń dáhùn? Nílé tiwa, Táyé ni. Láti ọjọ́ ìkómọ la sì ti ń sọ fún wọn pé Táyé la rán wá tọ́ ayé wò, Kẹ́hìndé ni àgbà tó rọra ń bọ̀. (Mi ò ní ká má kì wọ́n o. Mò ń kì tèmi láràárọ̀.) Albert Bandura, onímọ̀ sáíkọ́lọ́jì ní Stanford, fi yé wa pé ènìyàn, ìṣe rẹ̀ àti àwọn tó yí i ká jọ ń tún ara wọn ṣe ni. Ní 1977 ó kọ̀wé lórí ìgbàgbọ́ ẹni pé "mo lè ṣe é": kò sóhun tó ń gbé e ró bíi pé kéèyàn ti ṣe é rí, kó tilẹ̀ kéré.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í mú Kẹ́hìndé tèmi nìkan lọ ra búrẹ́dì ní Sátidé. Mo fi owó ẹyọ sí i lọ́wọ́, mo ní òun ló máa rà á. Lọ́jọ́ kìíní, ó gbé owó lé orí káńtà, ó na ìka. Ẹnu ń yún mi, mo pa á mọ́. Obìnrin tó ń tajà náà ní sùúrù. Ní Sátidé kẹta, ó sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, bàtà rẹ̀ ló sì ń wò. Ní ẹ̀kẹfà, ó béèrè ṣéńjì.

Ní ti ìyá yín, ẹ má bá wọn jiyàn. Àwọn àgbà tó ní a yan orí náà ló ní ẹsẹ̀ ló ń gbé orí débi tó ń lọ.

Tí Kẹ́hìndé bá ń sọ̀rọ̀ nílé ṣùgbọ́n tí kò fọhùn rárá nílé ìwé fún ju oṣù kan lọ, ẹ sọ fún dókítà yín. Wọ́n ń pè é ní selective mutism, ìtọ́jú wà fún un, ó sì dáa kẹ́ ẹ tètè lọ. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ fi Yorùbá sílẹ̀ nílé, ẹ má gbà. Kẹ́ ẹ sì bá Táyé sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, torí ó rò pé òun ń ran èkejì òun lọ́wọ́ ni. Tèmi, ohun tí mo kọ́ ọ ni pé kó ka oókan dé ẹẹ́wàá nínú kó tó dáhùn.