Ìdáhùn sí Ìbéèrè Yín: Hóró Inú Irin àti Agbára Ìbúgbàù

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Ibi tí a ti ń fọ́ òkúta ní Ìkéré-Èkìtì ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Bàbá alágbẹ̀dẹ tó ń bá wa pọ́n ṣísẹ́ẹ̀lì fi ojú ibi tí ọ̀kan ti kán hàn mí: ó ń dán, ó sì rí hóró-hóró bí iyọ̀. Wọ́n ní hóró rẹ̀ ti tóbi jù, pé irin oníhóró kékeré ni kì í tètè kán. Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni bí ó bá jẹ́ ìbúgbàù ni ó kọlu irin?

ÌDÁHÙN: Òótọ́ ni bàbá sọ, ṣùgbọ́n òótọ́ náà ní ibi tí ó mọ. Bí a bá ń fi òòlù lu irin, àwọn àléébù tín-ín-tín tó wà nínú ètò átọ́ọ̀mù rẹ̀ ni ó ń rìn, ìrìn wọn ni ó sì ń jẹ́ kí irin tẹ̀. Bí wọ́n bá dé ààlà tí hóró kan ti pàdé èkejì, wọn a há síbẹ̀. Bí hóró bá kéré, ààlà a pọ̀, irin a sì le sí i. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, E. O. Hall ní 1951 àti N. J. Petch ní 1953, ni wọ́n fi ìṣirò gbé e kalẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: bí fífẹ̀ hóró bá dín kù di ìdá kan nínú mẹ́rin, agbára tí ààlà ń fi kún irin yóò di ìlọ́po méjì.

Ti ìbúgbàù yàtọ̀. Ìgbì rẹ̀ ń la inú irin kọjá ní nǹkan bíi kìlómítà 5 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì ń mú kí irin tẹ̀ lójijì débi pé gbígbọ̀n àwọn átọ́ọ̀mù fúnra wọn ni ó wá di ìdènà tó lágbára jù fún àléébù tó ń sáré, iṣẹ́ ààlà kò sì fi bẹ́ẹ̀ hàn mọ́. Ohun tó tẹ̀lé e ni mo kà sí pàtàkì jù. Bí ìgbì bá dé ẹ̀yìn irin, níbi tí kò sí nǹkan mọ́ àfi afẹ́fẹ́, yóò ṣẹ́rí padà. Èyí tó ń ti irin pọ̀ nígbà tó ń lọ yóò máa fà á ya nígbà tó ń bọ̀. Bertram Hopkinson, onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi èyí hàn kí Ogun Àgbáyé Kìíní tó bẹ́ sílẹ̀: ohun abúgbàù bú ní ojú awo irin, èkìrí irin sì fò kúrò ní ẹ̀yìn rẹ̀. (Irú ìgbì apadàbọ̀ yìí wà lára ohun tó ń ṣí òkúta yín kúrò ní ojú tó kọ sí gbangba.) Nínú bàbà tó mọ́ gaara, ẹnu ààlà hóró gan-an ni àwọn ihò wẹ́wẹ́ tí ń fa yíya sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí, ìdí nìyẹn tí bàbà tó jẹ́ hóró kan ṣoṣo, tí kò ní ààlà rárá, fi ń fara da fífà yìí ju bàbà olóhóró púpọ̀ lọ.

Ní ti ṣísẹ́ẹ̀lì yín, ìlù òòlù kì í mú kí irin tẹ̀ lójijì tó bẹ́ẹ̀ rárá, nítorí náà ìmọ̀ràn bàbá dúró. Iná àjù ni ó ń sọ hóró di ńlá. Kí wọ́n máa fà á yọ nínú iná kí ó tó di funfun.