Ìjẹ Ara Líle fún Ẹja Bream: Ẹ Béèrè, A Dáhùn

Lẹ́tà àwọn olùkàwé wa tó ń pẹja ní Ọsirélíà la gbé yẹ̀wò lọ́tẹ̀ yìí. Ìjẹ ara líle tí wọ́n ń bèèrè nípa rẹ̀ ni ìjẹ àtọwọ́dá tí wọ́n fi ike líle tàbí igi ṣe, tó ní ìwọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta lábẹ́. Ó yàtọ̀ sí ìjẹ rírọ̀ tó dà bíi rọ́bà.

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Sydney ni mò ń gbé. Etí omi ni mo ti ń pẹja, mi ò ní ọkọ̀. Ìjẹ tí mo bá ní ìsọ̀ pọ̀ débi pé ojú mi ń ṣú. Bó bá jẹ́ mẹ́ta péré ni ẹ máa rà fún bream, àwọn wo ni?

Ẹ kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ àwọ̀ tì. Ohun méjì ni kí ẹ wò lára ìjẹ: ibi tó máa ń rì dé, àti ohun tó máa ń ṣe nígbà tí ẹ bá dáwọ́ fífà dúró. Ẹja tó wà lọ́dọ̀ yín ní Sydney Harbour, Georges River àti Hawkesbury ni yellowfin bream, èyí tí lẹbẹ abẹ́ rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú. Ẹnu rẹ̀ kéré. Akàn, edé, ẹja wẹ́wẹ́ àti ẹran inú karawun ló ń jẹ, ìsàlẹ̀ omi àti ara òpó ló sì ti sábà ń wá wọn. Ìdí nìyẹn tí ìjẹ tó gùn láàárín mílímítà 35 sí 50 fi bá a mu jù, àfi èyí tó ń rìn lórí omi, tó lè gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àkọ́kọ́ tí a máa mú ni ìjẹ kúkúrú, oníkùn rọ̀bọ̀tọ̀, tó ní ahọ́n níwájú. Ike pẹlẹbẹ yẹn ni omi ń tì tí ìjẹ fi ń dorí kodò wọ ìsàlẹ̀. Jackall Chubby tó gùn ní mílímítà 38 ni irú rẹ̀ tí ọ̀pọ̀ apẹja bream mọ̀. Ẹ ra èyí tó ń léfòó, tó sì lè rì dé mítà 1 sí mítà 1.5. Bó bá há sábẹ́ òkúta, ẹ dẹ okùn, kí ẹ dúró. Lọ́pọ̀ ìgbà á fẹ̀yìn rìn jáde fúnra rẹ̀. Ẹni tí kò ní ọkọ̀ tó lè fi lọ tú ìjẹ tó há kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ líléfòó yìí ṣeré.

Èkejì ni ìjẹ tẹ́ẹ́rẹ́ tó rí bí ẹja wẹ́wẹ́, bíi Ecogear SX40. Ahọ́n rẹ̀ kéré, ó ń gbọ̀n pìpìpì, ó sì dára níbi tí omi kò ti jìn tàbí lókè koríko inú omi. Ẹ̀kẹta ni ìjẹ orí omi tí kò ní ahọ́n rárá, bíi Bassday Sugapen ti mílímítà 70. Lẹ́tà míì nísàlẹ̀ bèèrè nípa rẹ̀.

Bí ibi tí ẹ ń lọ bá kún fún òpó àti ògiri òkúta tí ọ́sítà (irú ẹran inú karawun kan) bò, ẹ wá owó ẹ̀kẹrin: ìjẹ tí wọ́n ṣe bí akàn, irú Cranka Crab. Èyí kì í ṣe ohun tí à ń fà kiri. Ẹ jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó, kí ẹ jẹ́ kó rì. Bó bá balẹ̀, á na ọmọ ọwọ́ rẹ̀ sókè bí akàn tó fẹ́ jà. Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ẹ kàn máa mì í díẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹ má gbára lé nọ́ńbà jíjìn tí wọ́n kọ sára páálí jù. Okùn tó nípọn ń mú kí omi dá ìjẹ dúró, kò ní rì tó bó ṣe yẹ. Ìjẹ tún nílò àyè kó tó dé ìsàlẹ̀, bó bá sì ń sún mọ́ yín, okùn ti ń fà á gòkè. Ẹ ju ìwọ̀ jìnnà, kí ṣóńṣó ọ̀pá yín sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan omi nígbà tí ẹ bá ń ká okùn. Lórí iyanrìn, ẹ jẹ́ kí ahọ́n ìjẹ máa gbo ilẹ̀, kó máa ru erùpẹ̀ sókè bí edé tó ń sá. Bí ẹ kò bá rí i kó kan ilẹ̀ rárá láàárín ìgbà tí ẹ ń fà á, ìjẹ yẹn kò jìn tó fún ibẹ̀. Bó bá sì ń kó koríko bọ̀ nígbà gbogbo, ó ti jìn jù.

Gippsland Lakes, ní Victoria, ni èmi ti ń pẹja. Mo máa ń rí ẹja tó ń tẹ̀lé ìjẹ mi dé ẹsẹ̀ mi. Á wò ó, á yí padà. Kí ló fà á?

Ọwọ́ yín kì í dúró. Èyí ni àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù láàárín àwọn tó ń fi ìjẹ ara líle wá bream, àwọn tó ti pẹ́ nídìí rẹ̀ náà ń ṣe é. Bream kì í gbé nǹkan mì wàrà. Á tẹ̀ lé e, á fi ètè tọ́ ọ wò, á fi eyín tẹ̀ ẹ́. Ìgbà tí ìjẹ dúró ló ń rí àyè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ gbìyànjú báyìí. Ẹ ju ìwọ̀, kí ẹ yí ríìlì kíákíá lẹ́ẹ̀marùn-ún tàbí lẹ́ẹ̀mẹfà kí ìjẹ lè rì. Lẹ́yìn náà ẹ fi ṣóńṣó ọ̀pá ta okùn lẹ́ẹ̀mejì, fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, kí ẹ sì dáwọ́ dúró. Nínú ooru, ìṣẹ́jú àáyá 2 tàbí 3 ti tó. Láti oṣù kẹfà sí oṣù kẹjọ tí òtútù ń mú níbẹ̀, ẹ ka 5 títí dé 10 kí ẹ tó tún ta á. Ó ń súni, a mọ̀, ṣùgbọ́n ara ẹja ti wúwo lásìkò náà, kò ní sáré lé ohunkóhun.

Nígbà tí ẹ bá dúró, ẹ má fa okùn le. Okùn tó le tantan ń fa ìjẹ síwájú, ẹja á sì mọ̀ ọ́n lára bó bá fẹnu kàn án. Ẹ jẹ́ kí okùn tẹ̀ díẹ̀ lórí omi, kí ẹ sì tẹjú mọ́ ibi tó ti wọ omi. Bí ibẹ̀ bá fò díẹ̀, tàbí tó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹja ni. Ẹ má ṣe já ọ̀pá sókè lójijì. Ẹ ká okùn títí ẹ ó fi gbọ́ ìwúwo rẹ̀, kí ẹ wá gbé ọ̀pá sókè.

Fún dídúró gígùn báyìí, ìjẹ tó ń dúró lágbedeméjì omi dára ju èyí tó ń léfòó lọ. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra: omi iyọ̀ wúwo ju omi dídùn lọ, nítorí náà ìjẹ tó dúró sójú kan nínú omi dídùn lè léfòó nínú omi iyọ̀. Ẹ rì í sínú omi lẹ́bàá ẹsẹ̀ yín kí ẹ tó jù ú. Bó bá ń yára gòkè, ẹ lẹ òjé pẹlẹbẹ kékeré mọ́ ikùn rẹ̀ nítòsí ìwọ̀ iwájú, kí ẹ máa fi kún un díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dúró.

Ọ̀rọ̀ yìí kan black bream, irú bream tó wà lọ́dọ̀ yín, gan-an. Omi òjò tó ń ṣàn bọ̀ láti òkè odò fúyẹ́, orí ló ń wà. Omi iyọ̀ ń gba abẹ́ rẹ̀ wọlé, ẹja yìí sì sábà máa ń wà nínú omi iyọ̀ abẹ́ yẹn, á bá a gòkè odò. Lẹ́yìn òjò ńlá, ìjẹ tó ń rìn ní ìdajì mítà kàn ń rìn lókè orí wọn ni. Ẹ lo èyí tí ahọ́n rẹ̀ gùn.

Wallis Lake, ní New South Wales, ni mo wà. Ẹja ńlá méjì ló tú mọ́ mi lọ́wọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn igi tí wọ́n fi ń sin ọ́sítà. Ìgbà àkọ́kọ́, ìwọ̀ nà tọ́. Ìgbà kejì, okùn já.

Eyín ẹ̀yìn bream pẹlẹbẹ, ó sì le. Òun ló fi ń fọ́ karawun. Ìwọ̀ tínrín tó bá ìjẹ wá láti ilé iṣẹ́ lè ṣàìfarada á. Ẹ fi púláyà tí wọ́n fi ń ṣí òrùka ìwọ̀ yọ ọ́, kí ẹ fi ìwọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta tó nípọn jù ú lọ rọ́pò rẹ̀. Fún ìjẹ mílímítà 38 sí 40, nọ́ńbà 14 tàbí 12 ló máa ń bá a mu. Bí nọ́ńbà bá ṣe ń tóbi, ìwọ̀ ń kéré ni. Ṣùgbọ́n ìwọ̀ tó nípọn wúwo. Ìjẹ tó ń léfòó tẹ́lẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í rì, gbígbọ̀n rẹ̀ sì lè dínkù. Ẹ dán an wò lójú omi. Bó bá ti rì jù, ẹ pa ìwọ̀ nípọn ti ẹ̀yìn mọ́, kí ẹ dá tínrín padà síwájú.

Ní ti okùn, ibi gbangba yàtọ̀ sí àárín igi. Níbi gbangba, okùn híhun tó lè gbé kílò 2 sí 3, pẹ̀lú okùn aṣáájú (èyí tí à ń so sáàárín okùn híhun àti ìjẹ) tí wọ́n fi fluorocarbon, irú ike kan, ṣe, tó lè gbé kílò 2, tó sì gùn ní mítà 2 sí 3, ti tó. Ẹ fún bíréèkì ríìlì, èyí tó ń jẹ́ kí okùn tú bí ẹja bá fà á, dé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin sí ìdá kan nínú mẹ́ta agbára okùn: fún okùn kílò 2, kó máa tú nígbà tí ìwọ̀n bá ka gíráàmù 500 sí 650. Láàárín igi ọ́sítà, ẹ mú aṣáájú kílò 4, kí ẹ fún bíréèkì le sí i, kí ẹ sì yí orí ẹja kúrò lọ́dọ̀ igi ní kété tó bá ti gbé e. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta àkọ́kọ́ ló ń pinnu. Lẹ́yìn ẹja kọ̀ọ̀kan, ẹ fi ìka méjì fa okùn aṣáájú kọjá. Bí ẹ bá gbọ́ ibi tó há ọwọ́, ẹ gé e kúrò, kí ẹ tún un so. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ibi tí ọ́sítà ti họ tẹ́lẹ̀ ni okùn yín ti já.

Ọ́sítà wọ̀nyẹn sì ní ẹni tó ni wọ́n. Ẹ má so ọkọ̀ mọ́ igi wọn, ẹ má sì mì ín nítorí kí ìjẹ tó há lè tú.

Ìjẹ mi tuntun ń fì sápá òsì, nígbà míì á dojú dé lórí omi. Ṣé kí n dá a padà fún ẹni tó tà á ni?

Ẹ ṣì ní sùúrù. Ẹ wò ó bóyá koríko wà lórí ahọ́n rẹ̀, bóyá ìwọ̀ kọ́ okùn, tàbí bóyá kókó okùn ti yọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan lára òrùka. Bí kò bá sí èyíkéyìí nínú wọn, ojú òrùka iwájú tí à ń so okùn mọ́ ló wọ́. Ẹ di ìjẹ mú kó kọjú sí yín, bó ṣe ń kọjú sí yín nígbà tí ẹ ń fà á. Bó bá ń lọ sí òsì yín, ẹ fi púláyà tẹ ojú òrùka náà sí ọ̀tún, díẹ̀ báyìí, ìwọ̀nba sísanra irun. Ẹ jù ú, kí ẹ wò ó, kí ẹ tún tẹ̀ ẹ́ bó bá kù. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ jù lẹ́ẹ̀kan lè tú u kúrò lára ike, kò sì ní àtúnṣe mọ́. Kókó tó ní ojú gbàgàdà, tí kì í fún mọ́ òrùka, ń jẹ́ kí ìjẹ kékeré gbọ̀n dáadáa.

Àwọ̀ wo ló dára jù?

Omi tó mọ́: èyí tó ṣeé rí inú rẹ̀ tàbí tó jọ edé. Omi tó rú: dúdú, àwọ̀ ilẹ̀ tàbí àwọ̀ ewé gbígbẹ, nítorí òjìji rẹ̀ hàn sí i. Ẹ pààrọ̀ jíjìn àti ìgbà dídúró kí ẹ tó pààrọ̀ àwọ̀.

Ìgbà wo ni kí n lo ìjẹ orí omi?

Oṣù kejìlá sí oṣù kẹta, nígbà tí omi ti gbóná ju ìwọ̀n 20 lórí òṣùwọ̀n Celsius lọ, tí edé sì ń fò lórí omi. Ẹ wá ibi tí omi kò ju mítà 1 lọ, lórí iyanrìn tàbí koríko, nígbà tí omi òkun ń kún. Afẹ́fẹ́ díẹ̀ tó ń mú ojú omi wú fẹ́ẹ́rẹ́ dára ju omi tó pa rọ́rọ́ lọ, nítorí ẹja kò ní lè yẹ ìjẹ wò fínnífínní. Fluorocarbon máa ń rì, á sì fa imú ìjẹ wọ omi. Náílọ́ọ̀nù ni kí ẹ fi ṣe aṣáájú. Ẹ ta ṣóńṣó ọ̀pá léraléra kí ìjẹ máa yà sí òsì, yà sí ọ̀tún. Bí omi bá ru gùdù lẹ́yìn rẹ̀, ẹ má já ọ̀pá o! Ẹ máa rìn ín lọ títí ẹ ó fi gbọ́ ìwúwo. Èyí tí kò bá gbé e mú lẹ́ẹ̀kíní sábà máa ń padà wá.

Ẹja mélòó ni mo lè mú lọ sílé?

Ní New South Wales, èyí tó bá gùn tó sẹ̀ǹtímítà 25, 10 lójúmọ́. Ẹ sì ti gbọ́dọ̀ san owó ìpẹja kí ẹ tó ju ìwọ̀. Ní Victoria, sẹ̀ǹtímítà 28 ni, 10 bákan náà. Láti imú dé òpin ìrù la ń wọ̀n ọ́n. Ẹja yìí kì í tètè dàgbà: ó ń gba nǹkan bí ọdún 5 kó tó tó ìwọ̀n yẹn. Èyí tí ẹ bá máa dá padà, ẹ fi omi tutù rin ọwọ́ yín kí ẹ tó dì í mú, kí ẹ sì ti fi púláyà tẹ góńgó inú ìwọ̀ mọ́lẹ̀ láti ilé kó lè tètè tú.

Ìjẹ mi ń dípẹtà nínú àpótí.

Ẹ fi omi dídùn ṣan gbogbo èyí tí ẹ bá lò, kí ẹ tẹ́ wọn síta di ọjọ́ kejì kí ẹ tó dé àpótí. Ìwọ̀ kan tó dípẹtà á ran ìyókù. Ẹ má sì kó ìjẹ rírọ̀ àti ìjẹ líle papọ̀: irú rírọ̀ kan wà tó ń yọ́ ike àti ọ̀dà ara wọn, ẹ ó kàn ṣí àpótí bá wọn tó ti lẹ̀ mọ́ra.